Orí Kẹrin: Bí Èdè Yorùbá Ṣe Di Ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì

Ní ọdún 1827, ọmọkùnrin kan tí a bí ní Òṣogùn, ní agbègbè Òkè-Ògùn tiwa yìí, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay ní Freetown. Ní ọdún 1975, Yunifásítì Ifẹ̀ dá Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Èdè àti Lítíréṣọ̀ Áfíríkà sílẹ̀. Láàárín ọdún méjèèjì yìí, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́jọ ọdún, èdè tí àwọn baba wa fi jọba, tí wọ́n fi ṣọdẹ, tí wọ́n fi dífá, tí wọ́n sì fi ki ara wọn láyà lójú ogun, ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ibi tí a ti ń fi í gba oyè lónìí. Àwọn àgbà ti wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ọ̀nà ìwàásù ni ó kọ́kọ́ gbà, ó gba ọ̀nà ìjọba, ó yà sí òkè òkun, kí àwọn ọmọ rẹ̀ fúnra wọn tó ṣí ilẹ̀kùn ńlá fún un. A ó tẹ̀lé àwọn ọ̀nà wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan nínú orí yìí, a ó sì rí i pé ọjọ́ tí a gbà pé ohun tí oníjàálá, babaláwo àti arọ́kin mọ̀ jẹ́ ìmọ̀ tí ó tó í jókòó ti ìmọ̀ Gíríìkì àti ti Látìn, ọjọ́ náà gan-an ni Yorùbá di ẹ̀kọ́ gíga, kì í ṣe ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fi gègé kọ ọ́ sórí ìwé.

Ẹ̀kọ́ tí ó ti wà kí yunifásítì tó dé

Ẹni tí ó bá rò pé òkùnkùn ni àwọn baba wa wà kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé kò mọ ìtàn. Ní ààfin Ọ̀yọ́, àwọn arọ́kin ni ìwé tí ń fọhùn: àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ìtàn àti oríkì àwọn ọba láti ìran dé ìran. Ẹni tí ń kọ́ Ifá a máa lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ kí ẹsẹ Odù 256 tó yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu débi tí yóò lè dá jókòó nídìí ọpọ́n. Ọmọ oníjàálá a máa tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ lọ sí òde ayẹyẹ àti òde ìsìnkú ọdẹ, yóò máa gbe ohùn, yóò máa gba àtúnṣe, títí ẹnu rẹ̀ yóò fi dá ṣáká lórí oríkì erin, ti ẹfọ̀n, ti àgbọ̀nrín, àti ti orílẹ̀ àwọn ènìyàn. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ni gbogbo èyí. Ó ní olùkọ́, ó ní akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ní ìdánwò, bí kò tilẹ̀ ní ìwé-ẹ̀rí.

Ìlú Ìgbòho fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn Tápà fọ́ Ọ̀yọ́-Ilé, tí Aláàfin di ẹni tí ń wá ibi ìsádi kiri títí dé ilẹ̀ Ìbàrìbá, Ìgbòho ni Aláàfin Ẹ̀gúnojú tẹ̀dó sí ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, tí òun, Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, Ajíbóyèdé àti Àbípa sì jọba níbẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, débi pé Ìgbòho ni olú-ìlú gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, Igbó Ọba tí ibojì àwọn ọba ayé ọjọ́un wà sì ń jẹ́rìí sí i títí di òní. Ìtàn sọ pé nígbà tí Àbípa fẹ́ kó Ọ̀yọ́ padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn ìjòyè kò sì fẹ́ fi ilé àti oko tí wọ́n ti ní sílẹ̀, wọ́n rán àwọn abuké, àwọn àfín, àwọn aràrá àti àwọn mìíràn tí ìrísí wọn yàtọ̀ lọ sí ahoro ìlú náà lóru, kí wọ́n máa fi iná rìn kiri lórí òkè bí iwin, kí ẹ̀rù lè ba àwọn ìránṣẹ́ ọba. Ṣùgbọ́n ọba rán àwọn ọdẹ lọ mú àwọn iwin ayédèrú náà, orúkọ tí ó sì tibẹ̀ jẹ ni Ọba-Mọ́rọ̀, ìyẹn ọba tí ó mú iwin. Kò sí ẹni tí ó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Orí ahọ́n àwọn ènìyàn ni ó wà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, kí Àlùfáà Samuel Johnson tó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921.

Ọmọ Òṣogùn ní Freetown

Ní ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú ya wọ Òṣogùn, wọ́n sì kó Àjàyí, ọmọ tí kò ju nǹkan bí ọdún méjìlá lọ. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ẹrú. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun ní 1822, wọ́n sì gbé àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown, níbi tí Àjàyí ti ṣe ìrìbọmi ní 1825 tí ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Freetown ìgbà náà kún fún ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀, àwọn tí ará ibẹ̀ ń pè ní Àkú. Àwọn míṣánnárì sì rí i pé bí wọn kò bá gbọ́ èdè wọn, ìwàásù kò ní dé ọkàn wọn. Nítorí náà ni John Raban ti ẹgbẹ́ míṣánnárì CMS fi tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde láàárín 1830 sí 1832.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni èdè ni ó mọ ibi tí ó dùn. Ní 1843, ọdún tí a fi Crowther joyè àlùfáà, ìwé ọ̀rọ̀ àti gírámà tirẹ̀ jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 1844 ó fi Yorùbá ṣe ìsìn ní gbangba ní Freetown. Ní 1852 ó tún ìwé náà ṣe, ó sì mú un gbòòrò sí i. Òyìnbó Amẹ́ríkà kan, T. J. Bowen ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, tẹ̀lé e pẹ̀lú gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè tí ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ Smithsonian tẹ̀ ní 1858. Ní 1875, Crowther, tí ó ti di Bíṣọ́ọ̀bù láti 1864, ṣe alága ìpàdé tí wọ́n fi jíròrò lórí akọtọ́ Yorùbá ní Èkó, nígbà tí ó sì di 1884, odindi Bíbélì ti wà ní èdè wa.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ka ìtàn yìí lè rò pé ní Fourah Bay, ilé-ẹ̀kọ́ tí Crowther ti kàwé tí ó sì ti kọ́ni, Yorùbá yóò ti di ẹ̀kọ́ gíga kíá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ará Jámánì nì, Sigismund Koelle, tí ó kó ọ̀rọ̀ láti inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè Áfíríkà jọ sínú ìwé ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní 1854, ń kọ́ni níbẹ̀, Hébérù àti Lárúbáwá ni ó ń kọ́ wọn. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà so mọ́ Yunifásítì Durham ní 1876, àwọn ẹ̀kọ́ tí Durham fọwọ́ sí ni wọ́n fi ń gba oyè. Ohun èlò iṣẹ́ ni Yorùbá jẹ́ fún àwọn míṣánnárì. A kì í sì í sábà gba oyè lórí ohun èlò.

Ohun tí ojú èdè mìíràn ti rí

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ó ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ tí àwọn ọ̀mọ̀ràn ti ń kọ́ ara wọn ní èdè àtayébáyé tí a ń pè ní Sanskrit. Pāṇini, ọ̀kan nínú wọn, ṣe òfin gírámà tí ó tó nǹkan bí 4,000, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń há a sórí láti ẹnu dé ẹnu, gẹ́gẹ́ bí ọmọ awo ti ń há ẹsẹ Ifá. Ṣùgbọ́n ní Yúróòpù, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó ka ìmọ̀ yìí kún títí William Jones, adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Calcutta, fi sọ ní 1786 pé Sanskrit, Gíríìkì àti Látìn jọ ara wọn débi pé ó ní láti jẹ́ pé orísun kan náà ni wọ́n ti ṣàn wá.

Láti ìgbà náà ni àwọn yunifásítì ti ń du èdè náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Paris dá àga ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ fún un ní 1814, ó sì fi Chézy jókòó síbẹ̀. Ìlú Bonn ní Jámánì fi tirẹ̀ fún Schlegel ní 1818. Oxford sì fi tirẹ̀ fún Horace Wilson ní 1832. Ẹ jẹ́ kí a wo ti Oxford yìí dáadáa, nítorí ọ̀gágun kan tí ó ti sin Ilé-Iṣẹ́ Òwò Ìlà-Oòrùn Íńdíà, Joseph Boden, ni ó fi owó sílẹ̀ fún un, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún rẹ̀ pé kí a lè fi ìmọ̀ náà túmọ̀ Bíbélì kí àwọn ará Íńdíà lè di onígbàgbọ́. Ẹ̀rí wà níhìn-ín pé iṣẹ́ ìwàásù gbé Sanskrit dé àga ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, nígbà tí Yorùbá dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí ìyàtọ̀ náà kò farasin. Àwọn Òyìnbó gbà pé Sanskrit bá èdè tiwọn tan, wọ́n sì rí ìwé rẹpẹtẹ tí a ti kọ ní èdè náà láti ayé àtijọ́. Ti Yorùbá, etí wọn gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojú wọn kò rí ìwé, wọ́n sì sọ pé èdè tí kò ní ìwé kò ní lítíréṣọ̀.

London àti Ìbàdàn

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ wa tán, ọ̀nà kejì ṣí sílẹ̀. Ní London, ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí a dá sílẹ̀ ní 1916 fún èdè àwọn ará Ìlà-Oòrùn ayé, tí a sì fi orúkọ Áfíríkà kún tirẹ̀ ní 1938. Níbẹ̀ ni Ida Ward ti ṣe ìwádìí lórí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ Yorùbá; ìwé tí ó kọ láti fi kọ́ àwọn àjèjì jáde ní 1952, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti R. C. Abraham tẹ̀lé e ní 1958. Àwọn ọmọ Yorùbá pàápàá kọ́ni níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni E. L. Láṣebìkan, tí yóò tún lọ kọ́ àwọn ará Bàhíà ní Yorùbá, ní ibùdó ẹ̀kọ́ tí yunifásítì wọn dá sílẹ̀ ní 1959, ní ilẹ̀ Brazil tí àwọn ọmọ ẹrú ti ń fi èdè wa bọ òrìṣà láti ọjọ́ pípẹ́.

Nílé ńkọ́? Ní 1948, a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn, láàárín ilẹ̀ Yorùbá gan-an, oyè London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì ń gbà. Wọ́n ń kọ́ wọn ní Látìn, wọ́n ń kọ́ wọn ní Gíríìkì. A kò fi Yorùbá ṣe ẹ̀kọ́ oyè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí baba rẹ̀ jẹ́ ògbólógbòó oníjàálá lè ka ewì àwọn ará Róòmù gboyè ní Ìbàdàn, kí ó má sì gbọ́ orúkọ ìjálá nínú kíláàsì láti ọjọ́ tí ó wọlé títí di ọjọ́ tí ó jáde.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kò dúró níta. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Andérù Mímọ́ ní Ọ̀yọ́, tí a dá sílẹ̀ ní 1896, ti ń kọ́ àwọn tíṣà. Ibẹ̀ ni D. O. Fágúnwà ti jáde, ẹni tí ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde ní 1938. Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá ń tẹ ìwé ìròyìn Olókun. Ní 1955, Ṣàbúrì Bíòbákú àti Ulli Beier bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà Odù lórí àṣà àti ìtàn Yorùbá. Ohun tí a óò kọ́ ti wà nílẹ̀ gbẹdẹmukẹ. Àwọn tí yóò fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ gbé e wọ inú ọgbà yunifásítì ni ó kù.

Ọdún 1963 àti àwọn ìwé méjì

Ní ọdún kan náà, 1963, ọmọ Yorùbá méjì gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí èdè baba wọn ní ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Adébóyè Babalọlá gba tirẹ̀ ní London lórí ìjálá. Ayọ̀ Bámgbóṣé gba tirẹ̀ ní Edinburgh lórí gírámà Yorùbá. Ọdún kan náà, 1966, ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì sì di ìwé títẹ̀.

Babalọlá gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ, ó kọ ọ́, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tú u palẹ̀: irú oríkì tí ó wà nínú rẹ̀, bí oníjàálá ti ń tún ọ̀rọ̀ pè, bí ó ti ń fi ohùn ṣeré, àti ìmọ̀ràn tí ó ń kó pamọ́ sínú àwàdà. Láti ọjọ́ náà ni ẹni tí ó sọ pé èdè tí kò ní ìwé kò ní lítíréṣọ̀ ti ní ọ̀rọ̀ láti dáhùn. Bámgbóṣé ní tirẹ̀ fi Yorùbá sí orí òṣùwọ̀n ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tòde òní. Àwọn gírámà ìṣáájú sábà máa ń fi ojú Látìn wo èdè wa, wọn a máa wá ohun tí Látìn ní kiri nínú rẹ̀, bí wọn kò bá sì rí i, wọn a ní ó ní àbùkù. Bámgbóṣé bẹ̀rẹ̀ láti inú gbólóhùn Yorùbá gẹ́gẹ́ bí àwọn Yorùbá ti ń sọ ọ́. Ní 1968 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Ìbàdàn, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà. Orí iṣẹ́ àwọn méjì yìí, lítíréṣọ̀ lápá kan àti gírámà lápá kejì, ni ètò ẹ̀kọ́ oyè Yorùbá dúró lé nínú àwọn yunifásítì wa.

Èkó àti Ifẹ̀

Yunifásítì Èkó àti ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1962, lẹ́yìn òmìnira, wọn kò sì ní àṣà London lọ́rùn bí Ìbàdàn ti ní i. Babalọlá lọ sí Èkó, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá ró níbẹ̀. Ẹni tí ó tẹ̀lé e ní Èkó ni Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́, tí ó gbé Ifá lé orí tábìlì ìwádìí. Apá kìíní Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá tirẹ̀ jáde ní 1968, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí Yunifásítì Èkó fún ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ kíyè sí ìyípadà yìí: Ifá tí àwọn míṣánnárì kọ́ èdè wa kí wọ́n lè wàásù lòdì sí ni ó di kókó ìwé ìwádìí àgbà. Ní Ifẹ̀, Abímbọ́lá ni olórí àkọ́kọ́ ẹ̀ka tí a dá sílẹ̀ ní 1975. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, òǹkọ̀wé eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́ni níbẹ̀. Ní Ìbàdàn, Ọlátúndé Ọlátúnjí ṣe àlàyé kíkún lórí àbùdá ewì alohùn Yorùbá, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1984.

Ìgbòho kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1965, onímọ̀ ìtàn kan, Robert Smith, tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn ìtàn Áfíríkà lórí àwọn Aláàfin tí wọ́n jọba ní Ìgbòho. Ìtàn tí àwọn àgbà tọ́jú sórí ahọ́n ni ó lò, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí tí ó ní láárí, kò jù ú nù bí àlọ́.

Akọtọ́ àti èdè-ìperí

Èdè tí yóò di ẹ̀kọ́ gíga nílò ìlànà ìkọ̀wé kan. Ìwé Bámgbóṣé lórí akọtọ́ jáde ní 1965. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní 1966. Ní 1974 ni ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè sì fọwọ́ sí akọtọ́ tí a ń lò. Ìṣòro kejì tóbi ju èyí lọ: báwo ni a óò ti fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa Yorùbá láìyá Gẹ̀ẹ́sì lò ní gbogbo ìgbà? Àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó, wọ́n sì ṣe àkójọ èdè-ìperí, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa fi sọ̀rọ̀ nípa èdè fúnra rẹ̀. Apá kìíní, tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984, apá kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1990. Ọ̀rọ̀ bíi «fonẹ́tíìkì», «ọ̀rọ̀-orúkọ», «ọ̀rọ̀-ìṣe» àti «àpọ́nlé» tí a ń lò nínú ìwé yìí wà lára ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, láti 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ wọn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún odindi ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, láti fi hàn pé èdè wa lè gbé ìmọ̀ tí a bá dì lé e.

Ìparí

Ohun tí a rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé àwọn míṣánnárì fi gègé kọ èdè wa fún iṣẹ́ tiwọn, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún èyí tí ó ṣe wá láǹfààní. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ bíbí èdè náà padà sọ́dọ̀ ọdẹ, awo àti arọ́kin láti lọ jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́ ni yunifásítì tó rí ohun tí yóò kọ́. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gba oyè. Àwọn tí wọ́n kọ́ wọn, púpọ̀ nínú wọn kò mọ ìwé kà. Gbèsè ni èyí jẹ́ lọ́rùn gbogbo ẹni tí ó bá ń ka Yorùbá. Ẹ̀yin ọmọ Ìgbòho, Ṣakí, Kìṣí àti Ìsẹ́yìn tí ẹ ń ka ìwé yìí, àgbà tí ó mọ ìjálá ṣì wà ní àdúgbò yín, ẹni tí ó mọ oríkì Igbó Ọba ṣì wà láàyè. Ẹ lọ bá wọn nísinsìnyí, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sí i.

Ìdánrawò

1. Sọ ìdí méjì tí Sanskrit fi tètè dé àga ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yúróòpù ju Yorùbá lọ.

2. «Ohun èlò iṣẹ́ ni Yorùbá jẹ́ fún àwọn míṣánnárì.» Lo ìtàn Fourah Bay láti fi ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí.

3. Kí ni iṣẹ́ Babalọlá àti ti Bámgbóṣé fi yàtọ̀ síra, kí sì ni wọ́n fi gbè ara wọn lẹ́sẹ̀?

4. Kí ni èdè-ìperí, kí sì nìdí tí ẹ̀kọ́ gíga kò fi lè ṣe láìní in?

5. Iṣẹ́ àṣetiléwá: Gba ìtàn kan nípa àwọn Aláàfin tí wọ́n jọba ní Ìgbòho sílẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà kan ní ìlú rẹ, pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀. Kọ ọ́ ní akọtọ́ òde òní, kí o sì fi í wé èyí tí ó wà nínú orí yìí.